Ṣé Ọmọ Yìí Kò Kúnlẹ̀ Ni?

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, mo wà nílé ìyá mi ní Òkè-Àrẹ, à ń wo eré àtìgbàdégbà kan tí èmi fúnra mi ṣe ẹ́dítì rẹ̀. N kò sọ fún wọn pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Mo fẹ́ kí wọ́n wò ó bí wọ́n ṣe ń wo ti ẹlòmíràn. Ó dé ibi tí ìyàwó ilé kan ti wá ń bẹ ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá ọkọ jókòó sórí àga, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọmọ náà wà níwájú rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń tọrọ àforíjì. Màámi pòṣé.

"Ṣé ọmọ yìí kò kúnlẹ̀ ni? Ó jókòó sórí àpótí, ó ń bẹ̀bẹ̀. Irú ẹ̀bẹ̀ wo nìyẹn?"

Ó kúnlẹ̀. Mo mọ̀ pé ó kúnlẹ̀, torí mo rí orúnkún rẹ̀ méjèèjì lórí ẹní lọ́jọ́ tí fáìlì náà dé ọwọ́ mi. Èmi ni mo bo orúnkún náà mọ́lẹ̀.

Ohun tí mo ṣe kò ju pé mo fi ọ̀já dúdú méjì lé àwòrán náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Kò sí ẹni tó ń wo fíìmù lóde òní tí kò mọ ọ̀já yìí. Olùdarí eré náà ló ní kí n fi sí i. "Ẹ́dítọ̀, bá mi fi ọ̀já sí i, kó lè jọ sinimá." Ọ̀rọ̀ tí mò ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Mókọ́lá nìyẹn láti bí ọdún mélòó kan, lẹ́nu àgbà òṣèré, lẹ́nu ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kámẹ́rà. Àwọn oníyàwó pàápàá ti ń béèrè rẹ̀ fún fídíò ìgbéyàwó wọn. N kì í bá wọn jiyàn tẹ́lẹ̀. Kò gba ìṣẹ́jú kan, ó sì máa ń mú kí àwòrán dà bí ohun tí wọ́n náwó lé lórí. Ṣùgbọ́n láti alẹ́ ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́. Mo ń bi ara mi léèrè bóyá ó yẹ kí eré orí tẹlifíṣàn máa gbé aṣọ sinimá wọ̀, àwòrán tó lọ gbọọrọ láti ọ̀tún dé òsì tí kò sì ga.

Nígbà tí eré náà parí, mo tọrọ téèpù Màámi. Aránṣọ ni wọ́n kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, téèpù kì í jìnnà sí wọn títí di òní. Tẹlifíṣàn wọn jẹ́ íǹṣì 32. Láti igun dé igun ni wọ́n ti ń wọn íǹṣì 32 yẹn. Ìbú ojú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí íǹṣì 28, gíga rẹ̀ kò sì pé 16. Mo wá wọn àwòrán tó wà láàárín ọ̀já méjèèjì. Gíga rẹ̀ kò pé íǹṣì 12. Íǹṣì mẹ́rin ti lọ, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin tẹlifíṣàn tí àwa ọmọ dáwó jọ rà fún wọn ni mo fi ọ̀já dúdú dì pa.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí tẹlifíṣàn íǹṣì 21 tó wà ní igun yàrá kan náà nígbà tí a wà ní kékeré, èyí tó ní ẹ̀yìn ńlá, tí ó gba ẹni méjì kí wọ́n tó lè gbé e. Ìbú àwòrán tirẹ̀ kò ju nǹkan bí íǹṣì 16 lọ, ṣùgbọ́n ó ga tó íǹṣì 12. Àwòrán inú àpótí àtijọ́ yẹn ga ju àwòrán tí mo fi ránṣẹ́ sórí tẹlifíṣàn tuntun lọ! Ẹni tó dúró nínú eré ìgbà náà, tí a rí i láti orí dé ẹsẹ̀, tóbi lójú ìyá mi ju ẹni tó dúró bẹ́ẹ̀ nínú eré tèmi. Àga wọn kò sì kúrò níbi tó wà láti ìgbà náà. Ojú wọn nìkan ló ti yí padà.

Mo jókòó ti téèpù yẹn fún ìgbà díẹ̀.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn níbí, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, àwòrán tẹlifíṣàn jẹ́ mẹ́rin ní ìbú, mẹ́ta ní gíga. Tẹlifíṣàn kọ́ ló ni ìwọ̀n yẹn. Ọwọ́ sinimá ló ti gbà á, torí bẹ́ẹ̀ ni fíìmù ti rí láti ìgbà Edison. Màámi kéré púpọ̀ nígbà náà. Wọ́n ní ojú fèrèsé ilé aládùúgbò kan ni àwọn ti ń wò ó nígbà tó yá, ọmọ bíi mẹ́wàá lójú fèrèsé onírin kan, ọmọ tó bá ga ló ń ríran, ọmọ tó bá kéré ń bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó gbé òun. Títí di òní, bí wọ́n bá ń sọ nípa Baba Sàlá, gíláàsì ńlá tó máa ń lò ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń dárúkọ. Wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì ṣàpèjúwe rẹ̀: báyìí ló ṣe tóbi, ó kún inú àpótí náà. Wọ́n wà ní ìta, wọ́n ń wò ó láti ojú fèrèsé, síbẹ̀ wọ́n rí ojú ọkùnrin náà dáadáa.

Tẹlifíṣàn yìí kan náà ló lé sinimá dé ibi tó fi gbòòrò. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sílé wo àpótí, èrò ń dínkù ní ilé sinimá. Ní 1953 ni Fox, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù, gbé CinemaScope jáde. Lẹ́ńsì kan, tó ti ọgbọ́n Henri Chrétien ará Faransé wá, ń fún àwòrán pọ̀ sínú fíìmù. Lẹ́ńsì mìíràn á tú u sílẹ̀ sórí aṣọ funfun ńlá tí ìbú rẹ̀ ju ìlọ́po méjì gíga rẹ̀ lọ. Kó má bàa jọ tẹlifíṣàn ni wọ́n ṣe ṣe é. Kò tilẹ̀ kọ́kọ́ bá ojú ènìyàn mu: bí kámẹ́rà bá sún mọ́ òṣèré, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á wú, àwọn oníṣẹ́ kámẹ́rà sì sọ ìwúlé yẹn ní ṣegede. Wọ́n ṣe àtúnṣe rẹ̀ nígbà tó yá.

Ohun tí wọ́n dá sílẹ̀ láti fi sá fún tẹlifíṣàn ni àwa wá ń gbé wọ tẹlifíṣàn. Ohun tí mo sì rò pé a kò rò dáadáa ni pé fífẹ̀ ti sinimá, àfikún ni. Wọ́n na aṣọ náà lọ sápá ọ̀tún, wọ́n nà án lọ sápá òsì, ẹni tó jókòó níwájú á máa yí ọrùn kó tó rí i tán. Nínú yàrá Màámi, kò sí ohun tó fẹ̀. Íǹṣì 28 ni ó wà tẹ́lẹ̀, íǹṣì 28 ni ó ṣì wà. Gíga ni a yọ kúrò, a wá pè é ní fífẹ̀.

Tẹlifíṣàn pẹrẹsẹ tí gbogbo wa ń lò báyìí, 16 ní ìbú sí 9 ní gíga, ìwọ̀n àdéhùn ni. Ní àwọn ọdún 1980, ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Kerns Powers kó oríṣiríṣi ìwọ̀n tí fíìmù àti tẹlifíṣàn ń lò jọ, ó mú kí ojú wọn gba àyè kan náà, ó tò wọ́n léra, ó sì rí i pé 16 sí 9 ló lè gba gbogbo wọn. (Ẹni tó bá fẹ́ràn ìṣirò, kó fi 4/3 lọ́po ara rẹ̀, 16/9 ni yóò rí. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é.) Lẹ́yìn náà, ní 1998, Vittorio Storaro, àgbà oníkámẹ́rà ará Ítálì, ní kí sinimá àti tẹlifíṣàn pàdé lójú ọ̀nà, ní 2 sí 1. Eré Netflix kan, House of Cards, lo 2 sí 1 yìí ní 2013, Stranger Things lò ó ní 2016, ó sì ti tàn kálẹ̀. Lórí tẹlifíṣàn Màámi, gíga àwòrán 2 sí 1 á fẹ́rẹ̀ẹ́ pé íǹṣì 14. Ọ̀já rẹ̀ kò tó íǹṣì kan lókè, kò tó íǹṣì kan nísàlẹ̀. Èyí tí èmi lò, 2.39 sí 1, ti sinimá gan-an ni.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo kórìíra àwòrán tó fẹ̀. Ẹni tó dàgbà ní ìdí Láyípo kò lè kórìíra rẹ̀. Ní 1936 ni wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ yẹn ní ìrántí Kápútẹ́nì Bower, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn, ilé náà ga ní ẹsẹ̀ bàtà 60, àtẹ̀gùn tó ń yípo nínú rẹ̀ ló fún un lórúkọ tí àwa ọmọ ìlú ń pè é. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń gùn ún tí ẹsẹ̀ mi á fi máa gbọ̀n. Bí o bá yọ sókè, Ìbàdàn á tẹ́ sílẹ̀ fún ọ: páànù tó ti dípẹtà lórí páànù tó ti dípẹtà, òkè kan lẹ́yìn òkè kan, òpó Mápó níbí, Dùgbẹ̀ lọ́hùn-ún, kò sí ibi tí ojú á kan tí yóò sọ pé ìlú ti tán. Òrùlé Ìbàdàn kò ga. Ó fẹ̀ ni. Bí olùdarí eré kan bá gbé kámẹ́rà rẹ̀ gun Láyípo, èmi ni n ó kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó lo 2.39, torí ìwọ̀n mìíràn á rẹ́ ìlú náà jẹ.

Ṣùgbọ́n kí ó sọ̀ kalẹ̀, kó lọ sí Dùgbẹ̀. Kó dúró ní ìdí Ilé Cocoa, àjà 26, tó ti wà níbẹ̀ láti 1965. Kó tó lè rí òkè ilé náà nínú àwòrán gbọọrọ yẹn, á máa fà sẹ́yìn, á máa fà sẹ́yìn, títí tí ilé tó ga jù ní ìlú á fi dà bí páálí ìṣáná láàárín ojú ọ̀run tí kò ní nǹkan kan nínú. Kó tún wá sí àdúgbò wa, kó wọ ọ̀nà àárín ilé méjì, irú èyí tí ẹni méjì kò lè pàdé nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ọ̀kan fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ògiri ni yóò máa yà lọ́tùn-ún, ògiri ni yóò máa yà lósì.

Eré tí à ń ṣe kì í sì í ṣẹlẹ̀ lórí Láyípo. Inú yàrá ló ti ń ṣẹlẹ̀, ẹnu ọ̀nà, ọ̀ọ̀dẹ̀, iwájú baálé. Láàárín àwa Yorùbá, láti òkè sí ilẹ̀ ni ara ti máa ń sọ̀rọ̀. Ẹ wo ìdọ̀bálẹ̀. Ẹni tó nà gbalaja sílẹ̀ fẹ̀ lóòótọ́, èèyàn lè sọ pé àwòrán gbọọrọ gan-an ló bá a mu. Mo rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdọ̀bálẹ̀ kì í dá wà. Ẹnì kan wà lókè tí a ń dọ̀bálẹ̀ fún, ìtumọ̀ rẹ̀ sì wà nínú àlàfo tó wà láàárín àyà tó kan ilẹ̀ àti ojú àgbà tó ń wo ilẹ̀, bóyá yóò ní "dìde" tàbí yóò dákẹ́. Òòró ni àlàfo yẹn, kì í ṣe ìbú. Bí o bá gé òkè, o ò rí ojú àgbà. Bí o bá gé ìsàlẹ̀, o ò rí ọmọ.

Gèlè ńkọ́? Ìyá ọkọ inú eré tí mo ń sọ yẹn wé gèlè kan tó dúró bí òdòdó, àwọn òṣèré náwó sí i, wọ́n jí ní kùtùkùtù wé e. Ọ̀já mi gé e láàbọ̀. Màámi tilẹ̀ béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ìdíkù ni obìnrin náà wé. Ibi tí ọkùnrin gẹ fìlà sí ń sọ̀rọ̀. Ẹrù orí egúngún ń sọ̀rọ̀. Oníjó bàtá ń fi èjìká dáhùn ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ béèrè, a sì gbọ́dọ̀ rí méjèèjì pọ̀.

Mo gbọ́dọ̀ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀, kí n má baà di ẹ̀bi ru ẹni tí kò ṣẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni kí a ya àwòrán fún ìwọ̀n tó fẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí a fi ọ̀já bo àwòrán tí a yà fún odindi tẹlifíṣàn. Àwọn tó ń ṣe é bó ṣe yẹ, kí wọ́n tó tan kámẹ́rà ni wọ́n ti ń fa ìlà sórí mọ́nítọ̀, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ á sì mọ ibi tí àwòrán parí sí. Wọ́n á fa kámẹ́rà sẹ́yìn díẹ̀ kí orúnkún lè wọlé. Wọ́n á gbé ìyá ọkọ sápá kan, ọmọ sápá kejì, àyè òfìfo tó wà láàárín wọn á wá di ìjà tó wà láàárín wọn. Wọ́n á to yàrá náà, torí yàrá tó fẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ti rí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì wú mi lórí dé ibi pé mo padà wò ó nígbà mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Oníkámẹ́rà wa ya odindi tẹlifíṣàn. Ó fi àyè sílẹ̀ fún gèlè lókè, ó fi ẹní àti orúnkún sílẹ̀ nísàlẹ̀, ìyẹn ni pé ó mọ ohun tó ń ṣe. Èmi wá jókòó sí Mókọ́lá, mo fi ọ̀já bo iṣẹ́ ọmọlọ́mọ. Èyí ló ń dùn mí jù.

Gígé irú èyí ti ṣe àwọn ẹlòmíràn náà. Nígbà tí Netflix gbé Seinfeld, eré àtijọ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin sí mẹ́ta, jáde ní 2021, wọ́n gé òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó lè kún tẹlifíṣàn pẹrẹsẹ. Ibì kan wà nínú eré náà tó dá lórí kòtò ojú títì. Kòtò ọ̀hún kò sí nínú àwòrán mọ́. Kòtò nìyẹn. Tiwa, ìkúnlẹ̀ ni.

Àbúrò mi kò gbà fún mi o. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún un, ó yọ fóònù rẹ̀, ó fi í dùbúlẹ̀ sí ọwọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ibí ni àwa ti ń wò ó." Fóònù náà gùn, 20 sí 9. Ó fi eré kan tó jẹ́ 16 sí 9 hàn mí: òkùnkùn lápá ọ̀tún, òkùnkùn lápá òsì. Ó fi èyí tí mo di ọ̀já fún hàn mí: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún fóònù náà. N kò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó ń wo iṣẹ́ mi lórí fóònù pọ̀, mi ò lè ṣe bí ẹni pé wọn kò sí.

Nígbà tó yá ni mo ṣírò rẹ̀. Bí àwòrán bá jẹ́ 2 sí 1, ìdá kan nínú mẹ́wàá fóònù àbúrò mi ló máa ṣófo, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́sàn-án tẹlifíṣàn Màámi náà ló máa ṣófo. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kò sí ẹni tó jẹ gbogbo rẹ̀, kò sí ẹni tó pàdánù gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ sì ni mo dúró sí báyìí: eré tí a bá ṣe fún ilé, kó má fẹ̀ ju 2 sí 1 lọ, kí wọ́n sì ti fi ẹnu kò sí i kí kámẹ́rà tó jáde nínú àpò rẹ̀. Ẹni tí kò bá ya àwòrán fún un, kó jẹ́ kí tẹlifíṣàn kún. Bí a bá sì ní láti ṣe ojúsàájú, ẹ jẹ́ kí a ṣe é fún ẹni tí kò lè gbé tẹlifíṣàn sún mọ́ ojú ara rẹ̀. Àbúrò mi lè gbé fóònù sún mọ́ imú bó bá wù ú.

Ní ṣọ́ọ̀bù, bí oníbàárà bá ti ní "fi ọ̀já sí i," mo máa ń ní kó jókòó tì mí. A ó wò ó lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ọ̀já, a ó wò ó lẹ́ẹ̀kan láìsí ọ̀já, kó sì máa sọ ohun tó sọnù fún mi: gèlè, ẹsẹ̀, igbá orí, ọmọ tó jókòó sílẹ̀ nídìí ìyá rẹ̀. Àwọn kan á ní kí n yọ ọ́. Ẹni méjì ti gbé iṣẹ́ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Owó wọn dùn mí, ṣùgbọ́n n kò pè wọ́n padà.

Fáìlì àkọ́kọ́ eré yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yọ ọ̀já kúrò ní ibi ẹ̀bẹ̀ náà, mo gbé e sórí fláàṣì, mo gùn lọ sí Òkè-Àrẹ. Mo fi fláàṣì náà sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣàn, mo sì sọ òótọ́ fún Màámi lọ́jọ́ náà pé iṣẹ́ mi ni. Wọ́n ní, "Àjàní, jẹ́ kí n rí i."

Gèlè ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Wọ́n ní ẹni tó wé e mọ̀ ọ́n wé. Lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́, torí ọmọ náà ti wọlé, ó ti kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì wà lórí ẹní, ìyá ọkọ sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ṣe wà. Ọmọ náà ń sunkún. Ìyá ọkọ kò wò ó. Màámi bọ́ síwájú lórí àga wọn, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún sí tẹlifíṣàn.

"Dìde, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Ó tó. Dìde."